Ẹṣin Tí Àwọn Ará Òpómẹ́ta Gbé Lọ Sílé

Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò tíì pẹ́ tí òyìnbó sọ àsíá rẹ̀ kalẹ̀ ní Dàhòmì. Àwa ará ilẹ̀ gíga Kétu ṣì ń pe olórí ìjọba tó wà ní bíró ní Kétu ní kòmáńdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ dúdú bíi tiwa ni, tó sì ti ní orúkọ oyè mìíràn tí ahọ́n wa kò lè gbé. Ìgbà náà ni àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń dìbò. Àwọn kan sì ti ń kọ́ bí a ti ń jí i.

Ohun tó jẹ́ kí n mú kálàmù ni ìsìnkú Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá tí a ṣe láìpẹ́ yìí ní Òpómẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú lórí àga. Olóṣèlú kan tó wá láti Àjàṣẹ́ di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó ní olóògbé kò pàdánù ìbò kankan rí láyé wọn. Òmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí, wọn kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹ̀yin ọmọ wa ń pàtẹ́wọ́ lábẹ́ àtíbàbà. Ẹ dákun, ẹ dáwọ́ dúró ná. Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá pàdánù ìbò. Wọ́n ṣẹ èèyàn. Wọ́n sì mú orí èmi tí mo ń kọ̀wé yìí gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi kí wọn fún odidi ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ló wà láàárín ilé àwa méjèèjì. Mo fẹ́ràn wọn ni mi ò ṣe fẹ́ kí wọ́n sin irọ́ pọ̀ mọ́ wọn.

Àgbẹ̀ alágbàdo ni wọ́n. Wọn ò lọ sílé-ìwé, wọn ò sì gorí pèpéle sọ̀rọ̀ rí. Bí ìbò bá ń bọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń fi mọ́tò àti ariwo wọ ìlú, ọkọ́ ni Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá máa ń gbé kọ́ èjìká. Wọ́n á lọ bá olóko ní oko rẹ̀, wọ́n á bá a ro ó títí oòrùn á fi kọjá àtàrí, wọn ò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Ìgbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ láti jẹun ni wọ́n á tó wá bi olóko pé, "Ta lo rò pé ó lè bá wa wá omi?" Gbogbo ìpolongo wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo máa ń tẹ̀lé wọn. Àkọ̀wé ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe, nítorí mo kàwé dé sẹ́tífíkà, mo sì dúró síbẹ̀ bí ẹran tí okùn rẹ̀ tán. Ọwọ́ mi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kí oòrùn tó mú, ó ti bó.

Mo bi wọ́n nínú oko kan ní Odòmẹ́ta, ìlú tó múlé tì wá, lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé ìbò là ń wá kiri ni àbí èpò?"

Wọn ò tilẹ̀ nàró. "Èpò ni, Àkọ̀wé. Ìbò wà lábẹ́ rẹ̀."

Irú èsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fọ̀. Tí inú bá ń bí ọ, ó lè pa ọ́.

Ọ̀rọ̀ omi tí wọ́n ń béèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí ẹ̀rọ lónìí kò lè mọ̀. Ilẹ̀ wa ga, omi sì jìn sí i nísàlẹ̀ débi pé ọkọ́ àti àdá kò lè kàn án. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti gbẹ àwọn ìkòkò tí a fi ń gbe omi òjò, ọ̀gọ̀dọ̀ ló kù, ibi tí màlúù ti ń mu tí ó sì ń tọ̀ sí i. Àwọn obìnrin wa máa ń rìn lọ síbẹ̀, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ omi náà, wọ́n á gbé e bọ̀. Ohun tí aṣọ kò bá sẹ́, ẹsẹ̀ ni ó máa ń gbà jáde lọ́dún tó ń bọ̀: sòbìyà. Kì í mú èèyàn lásìkò ìsinmi. Ìgbà tí a bá ń gbin àgbàdo gan-an ni yóò yọrí lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọdún tí mo ń wí yìí, ó dá Sìkírátù ìyàwó mi dùbúlẹ̀. Ó ń wé okùn funfun náà mọ́ igi pẹ́ńpẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó má baà já sínú. Bó bá ń ké, èmi ni mo máa ń jáde sí ìta. Mi ò lè wò ó. Ojo ni mí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò.

Ìjọba ní ẹ̀rọ kan tó ń gbẹ́lẹ̀ dé ibi tí omi wà. A gbọ́ pé ó ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ibi tí ẹnìkan bá wà nílé ìgbìmọ̀ tó lè fà á ni ó máa ń dúró sí. A ò ní ẹnìkan. Nítorí náà ni a fi fa Mẹ́tìrì Ràímì kalẹ̀, olùkọ́ ilé-ìwé wa, ọ̀rẹ́ mi. Ọmọkùnrin tó mọ̀wé, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kì í purọ́, tí kì í sì í dárí jini. Àmì àgbàdo ni tiwa. Àmì ẹṣin ni ti ẹgbẹ́ tí ìjọba ń tì lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ti ń dìbò nígbà náà, torí ẹ̀yin, ìka lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí o bá wọ yàrá ilé-ìwé, wọ́n á fún ọ ní ìwé pélébé méjì, ọ̀kan ní àwòrán àgbàdo, ọ̀kan ní àwòrán ẹṣin, pẹ̀lú àpòòwé kan. Wàá wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta sí kọ̀rọ̀. Wàá ki ìwé ẹni tó wù ọ́ bọ àpòòwé, wàá ju èkejì sínú agbọ̀n tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, wàá jáde wá sọ àpòòwé sínú àpótí. Ẹni tó bá ki méjèèjì bọ inú àpòòwé kan, ìbò rẹ̀ ti di òfo.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń pín ìwé tirẹ̀. Èmi ni wọ́n fi sídìí àgbàdo. Ẹ fojú inú wò mí: ṣòkòtò yíyá, ìwé lọ́wọ́, tí jàndámù kan, ọlọ́pàá ìjọba, tó ga bí igi àràbà sì dúró lẹ́yìn mi tìbọn-tìbọn. Gbogbo ìgbà tó bá wúkọ́, ìwé á fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ta ni àwọn ẹlẹ́ṣin wá gbé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi? Bàbá Fáṣínà. Àwọn ni àgbà jù lọ ní Òpómẹ́ta. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ tí wọn kò bá wa sọ lórúkọ, kò sì sí ìyàwó tí wọn kò bá wa tọrọ. Wọn ò ṣe ẹgbẹ́ kankan. Àwọn ẹlẹ́ṣin sọ fún wọn pé ọlá ni, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá wọlé, èmi á na àgbàdo sí i, á gbà á bí ẹni gba tábà. Bó bá kan Bàbá Fáṣínà, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹṣin lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Wàá dàgbà. Ọmọ rẹ kò ní sọnù. Ilẹ̀ tútù ni wàá máa tẹ̀." Onítọ̀hún á ṣe àmín, á fi ìwé náà kan orí.

Mo rí i, mi ò sì rí nǹkan kan. Ohun tí a kọ́ àwọn èèyàn wa láti oko dé oko ni pé, "Àgbàdo ni kí ẹ fi sínú àpòòwé o!" Wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń mú, ọ̀gá ibùdó ìdìbò ní kí n lọ da agbọ̀n ẹ̀yìn aṣọ nù, kó má baà kún. Mo wọlé. Mo wo agbọ̀n. Èèpo obì kan ló wà nínú rẹ̀. Ìwé kankan kò sí níbẹ̀, ẹyọ kan báyìí. Mo gbé agbọ̀n náà sókè, mo wo ìdí rẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ bíi ti ilé ìyàwó tuntun.

Èrò ti ń dìbò láti àárọ̀. Ẹṣin tí wọn kò jù, ibo ló wà?

Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ jàndámù pé inú ń run mí. Irọ́ kọ́ pátápátá. Mo bọ́ síta, Ìyá Àdùkẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí lábẹ́ mángòrò, tó na ẹsẹ̀ tó ní sòbìyà síwájú. Ọ̀gá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa nìyẹn o, kì í ṣe èrò ẹ̀yìn.

"Ìyá Àdùkẹ́, ẹ ti dìbò?"

"Mo ti dì í, Àkọ̀wé. Àgbàdo ni mo fi síbẹ̀, bí ẹ ṣe wí."

"Ẹṣin wá dà?"

"Òun náà wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Nínú àpòòwé, pẹ̀lú àgbàdo. Ibo ni ì bá tún wà?"

Mo di orí mú. "Ta ló ní kí ẹ fi ẹṣin síbẹ̀?"

"Ta ló ní kí n má fi í síbẹ̀? Bàbá Fáṣínà fi ọwọ́ ara wọn gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà sí i. Ìwọ wá fẹ́ kí n ju àdúrà sínú agbọ̀n ìdọ̀tí? Kí n wá bí irú ọmọ wo lẹ́yìn ìyẹn?"

Obìnrin tó jókòó tì wọ́n dá sí i: "Èmi náà pa wọ́n pọ̀ ni. Mo tilẹ̀ rò pé kò dáa kí ẹṣin wà nínú ilé láìsí oúnjẹ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi fẹ́ sunkún. Gbogbo oko tí a ro, gbogbo ọwọ́ mi tó bó, a ti fi àgbàdo wa bọ́ ẹṣin wọn.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n gbàgbé ọjọ́ náà nìyẹn. Ní ibòmíràn, ọlọ́pàá ni wọ́n fi ń ba ìbò jẹ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìwà ọmọlúàbí wa ni wọ́n fi bà á jẹ́, àwa fúnra wa ni a sì ń fi ọwọ́ ara wa bà á jẹ́ lọ, pẹ̀lú àmín.

Mo sáré lọ bá Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá. Òfin kò jẹ́ kí ẹni tó ń polongo ìbò sún mọ́ ilé-ìwé, nítorí náà wọ́n wà ní oríta, lábẹ́ igi ìgbá, wọ́n ń pa ẹ̀pà jẹ. Mo rò ó fún wọn, mo ń mí hẹlẹ.

"Jókòó, Àkọ̀wé. Jẹ ẹ̀pà."

"Bàbá, ìbò ń ṣòfò!"

"Mo gbọ́. Ẹ̀pà kò ní kí o má ronú."

Mo búra fún yín, wọ́n pa ẹ̀pà mẹ́ta-mẹ́rin sí i kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ẹ̀bi mi ni. Mo sọ ibi tí àgbàdo ń lọ fún wọn, mi ò sọ ibi tí ẹṣin ń lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn kí wọ́n jù ú nù!"

"Wọn ò ní jù ú. Èmi gan-an kò ní ju ohun tí Bàbá Fáṣínà bá fún mi." Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ. "Bí àgbà bá fún ọ ní ẹran níbi ayẹyẹ, tí o kò sì fẹ́ jẹ ẹ́, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń dì í lọ sílé."

"Ó tán."

Ó tán náà ni. Wọ́n pe àwọn obìnrin díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gba ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ, kí wọ́n máa kí àwọn tó ń bọ̀ láti oko. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa fi kún ìkíni: ẹ̀bùn àgbà, ilé là ń gbé e lọ. Kò sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀. Nígbà tí mo padà sídìí àgbàdo mi, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń jáde lẹ́yìn aṣọ: ìyá yìí ti so ẹṣin mọ́ etí ìró, bàbá yẹn ti fi í sábẹ́ fìlà, òmíràn ti ki í bọ àpò ìbọn ọdẹ rẹ̀. Bàbá Fáṣínà rí wọn, inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Ẹ wò bí wọ́n ti mọ iyì àdúrà."

Jàndámù tẹ̀ síwájú. Ó bi mí pé, "Kí ni àwọn èèyàn yín ń kó pamọ́ yẹn?"

Ọ̀rọ̀ Faransé tí mo kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi fò lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù: "Kádò." Ẹ̀bùn. Ó wò mí títí, ó padà lọ síbi tó dúró sí. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó rò nípa mi, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a tú àpótí, àpòòwé òfo pọ̀ débi pé ọ̀gá ibùdó ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀pà Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá borí. Àgbàdo gbé Òpómẹ́ta. A gbọ́ pé ó gbé Odòmẹ́ta pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àgbà ti gba ẹnu dé ọ̀hún. Mẹ́tìrì Ràímì gbé mi sókè, ó fi mí yí ká. A jó lọ sílé.

Ìròyìn tó ti Kétu wá lẹ́yìn náà sọ pé ẹṣin ló wọlé. Ó ní nílẹ̀ Òpómẹ́ta gan-an, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹni tó dìbò fún àgbàdo.

Mẹ́tìrì Ràímì ní kí a lọ jókòó sójú títì kí mọ́tò kankan má kọjá. Mo ti ń ronú àìsàn tí yóò mú mi lọ́jọ́ náà. Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá ní kí gbogbo wa sinmi. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n gba gbogbo ẹṣin tí ó wà níbẹ̀ wá.

Ẹ ò rí ohun tí mo rí! Àwọn kan ti lẹ ẹṣin mọ́ ògiri iyàrá fún ẹwà. Àwọn kan ti fi dí ihò fèrèsé. Ọ̀kan ti wé ata gígún; ìwé náà ń mú wa sín ní gbogbo ọ̀nà. Wọ́n kó wọn jọ sínú igbá ńlá, Ìyá Àdùkẹ́ ní òun ni yóò rù ú, tẹsẹ̀tẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Báyìí ni a dé bíró kòmáńdà ní Kétu: èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá, mo ní mò ń ṣọ́ ẹ̀yìn.

Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá kí i kíkí gígùn tí ó kan ilé, ọ̀nà, aya àti ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Ìyá Àdùkẹ́ sọ igbá kalẹ̀.

"Kòmáńdà, a kó ẹṣin yín wá fún yín. A gbọ́ pé wọ́n sáré lọ́jọ́ ìbò, wọ́n sì gba ipò kìíní. Ó yà wá lẹ́nu, torí ilé wa ni wọ́n wà."

Kòmáńdà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó wò ó. Ẹni tó bá dìbò fún ẹṣin, inú àpótí ni ẹṣin rẹ̀ yóò wà. Èyí tó wà nínú igbá yìí, olúkúlùkù wọn jẹ́ ẹnìkan tó dìbò fún àgbàdo, tàbí tí kò dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sín, nítorí ata. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ó dà á padà sínú igbá, ó wí pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́?"

"Ìbò wa," Mẹ́tìrì Ràímì fò ó mọ́ ọn lẹ́nu. "Kí ẹ ka ohun tí a dì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó gbé igbá yìí dé Àjàṣẹ́, a ó sì gbé e dé Kútọnu."

Mo rí i pé ẹ̀rù ba kòmáńdà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí èmi àti aláṣẹ jọ ń bẹ̀rù pọ̀ nínú yàrá kan, èmi nìkan kọ́. Mo rò pé a ti borí.

Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá ní kí wọ́n fún àwọn láyè díẹ̀. Wọ́n jáde lọ bá àwọn obìnrin tó bá wa wá. Mo rí wọn lójú fèrèsé, wọ́n lóṣòó níwájú Ìyá Àdùkẹ́, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà sì ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọn ò wo èmi, wọn ò wo Ràímì.

"Kòmáńdà," ni wọ́n wí, "ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ omi yẹn, ẹ gbé e wá sí Òpómẹ́ta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa mú ẹṣin yín."

Èmi ojo yìí, mo pariwo! "Bàbá! Wọ́n jà wá lólè, ẹ wá ń bá wọn dúnàá dúrà!"

"Àkọ̀wé, ìbò kò ṣe é mu."

Ràímì dìde. Ó wò wọ́n bí ẹni tí kò rí wọn rí. Ó ní, "Orúkọ mi ni ẹ fi pààrọ̀. Ẹ ò tilẹ̀ bi mí." Ó jáde, kò kí ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tó kó ẹrù rẹ̀ sọdá ẹnubodè lọ sí Ìmẹ̀kọ, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó. Mo pàdánù ọ̀rẹ́.

Ẹ̀rọ náà dé. Ó ké lórí ilẹ̀ wa bí ẹranko tí wọ́n dè, omi sì jáde, ó mọ́, ó tutù. Omi kò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Èmi bá a ṣọ̀tá. Mo ní mi ò ní fẹnu kàn án. Sìkírátù gbé ife kan síwájú mi, ó ní, "Bóo bá fẹ́ mu ti ọ̀gọ̀dọ̀, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn, ìwọ ni wàá lọ pọn ọ́n." Mo mu ún. Mo fi ìbínú mu ún, mo sì ní kí ó tún bu òmíràn fún mi. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a kò rí sòbìyà mọ́ ní àdúgbò wa. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà kò mọ bí ó ti rí.

Ilé ìgbìmọ̀ tí a jà nítorí rẹ̀ ńkọ́? Kò pẹ́ tí àwọn sójà fi lé gbogbo wọn sílé, ẹlẹ́ṣin àti aláìlẹ́ṣin. Bí Ràímì bá wọlé, á kàn bá wọn jáde ni. Mo retí kí Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo olóṣèlú ti mọ ohun tí a fi ń pa ará Òpómẹ́ta lẹ́nu mọ́. Olùdíje kan kì í wá bá wa ronú mọ́. Ó máa ń gbé páánù wá, ó máa ń gbé símẹ́ńtì wá, á ní ṣé ẹ rí i. Àwọn ọmọ wa sì ti gbà pé ohun tí ìbò wà fún nìyẹn: kí a fi gba nǹkan, kí a sì dákẹ́. Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá ló kọ́ wọn. Omi la gbà lọ́jọ́ tiwọn, kì í ṣe páánù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá dùbúlẹ̀, mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo tún gbé ìjà wa àtijọ́ dìde, torí a kò ní òmíràn. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ náà ní Kétu, ẹ ṣì wá gbà pé ẹ tọ̀nà?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀ rí. Mo bi àwọn obìnrin, wọ́n ní omi. Mi ò bi Ràímì, torí mo mọ ohun tí yóò wí, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni yóò wí."

Ẹ gbà mí! Gbogbo ọdún tí mo fi ń dá jà, tí mo rò pé àpáta ni mò ń forí sọ, ìhà ọ̀dọ̀ mi ni ìdajì wọn wà, wọn ò sì sọ fún mi! Mo bi wọ́n pé èé ṣe tí wọ́n fi jẹ́ kí n máa dá sọ̀rọ̀.

"Ìwọ lò ń sọ ọ́ dáadáa," ni wọ́n wí. "Kò yẹ kó tán nílẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ sí Ìmẹ̀kọ, kí n bá àwọn bẹ Ràímì. Mo lọ. Ẹnubodè yẹn ṣì ń dá jìnnìjìnnì bò mí, ṣùgbọ́n mo lọ. Mo bá a lórí àga gbọọrọ níwájú ilé rẹ̀, irun rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ ṣì le. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó bi mí bóyá omi náà ṣì ń jáde. Mo ní ó ń jáde.

"Sọ fún wọn pé mo gbọ́," ló wí. "Mi ò ní mo gbà o. Mo ní mo gbọ́."

Kí n tó padà dé Òpómẹ́ta, Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá ti kú. Iṣẹ́ náà ṣì wà lẹ́nu mi, mi ò rí ẹni jẹ́ ẹ fún.

Nítorí náà, nígbà tí olóṣèlú yẹn ní wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, mo gbìyànjú láti dìde. Mo rí àwọn jàndámù tó bá a wá, mo sì tún jókòó. Bí mo ti ṣe rí lẹ́yìn àgbàdo, bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí lábẹ́ àtíbàbà. Ìwé ni mo lè kọ, òun ni mo kọ yìí. Wọ́n jẹ Ràímì ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n jẹ gbogbo ẹni tó so ẹṣin mọ́ etí ìró rẹ̀ ní ìbò kan tí a kò kà rí. Òkú kì í san irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mu omi náà ni ó kàn.